Ọjọ́ Tí A Fi Lẹ́kkí Han Ìyá Mi

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti kúrò nílé. Ọjọ́ kejì tí mo dé Ajah, mo lọ bá obìnrin oníbúrẹ́dì kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo ní kí ó ta pẹ́ẹ̀n fún mi. Bí a ṣe ń pè é nílé wa ní Kétu nìyẹn. Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mò ń wí o, níbi tí àwọn Faransé ti fi búrẹ́dì àti orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ. Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Péènì? Ibo ló ń dùn ẹ́?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ilé olóògùn wà níwájú, kí n sáré kí wọ́n tó tì í. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ rín ju tiwọn lọ, torí mo ti mọ̀ láti kékeré pé bí o bá kọ́kọ́ fi ara rẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á tán lẹ́nu ọ̀tá. Ìgbà tí mo délé, tí mo ti ilẹ̀kùn, ni mo tó sunkún. Mo fi omijé jẹ búrẹ́dì náà, torí kò sí tíì.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti sọ mí lórúkọ: Àgànyìn. Mo ní rárá o, Yorùbá ni mí. Wọ́n ní, "A mọ̀, Yorùbá Kùtọ̀nù." Bẹ́ẹ̀ mi ò dé Kùtọ̀nù rí láyé mi. Mo ní ọba Kétu àti ọba tiwọn, ilé baba kan náà ni wọ́n ti jáde, ọmọ Odùduwà ni gbogbo wọn. Ọkùnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé Odùduwà tiyín ń sọ Faransé ni?"

Kí ni n ó sọ? Mo ní "Mèsí, mùsíyè," mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Iṣẹ́ mi ni òkìrìkà, aṣọ ọmọdé nìkan. Bí a bá já bélì, ẹrù aṣọ tí wọ́n dì, lówùúrọ̀, ojú ẹni gbọ́dọ̀ yá ju ọwọ́ lọ: èyí tó dára jù, tó ṣì ń dán, fẹ́ẹ̀sì là ń pè é, èyí tó ti re, a ó jù ú sílẹ̀ kí aráyé bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Òkìrìkà kọ́ mi lọ́gbọ́n kan. Aṣọ tí ọmọ òyìnbó ti bì sí lára, bí o bá fọ̀ ọ́, tí o lọ̀ ọ́, tí o gbé e kọ́ dáadáa, ó ti di tuntun nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Mo ní èmi náà á fọ ara mi, èmi náà á lọ ara mi. Mo gbé ahọ́n mi sábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Ọdún kejì ni mo rí i pé ó ti ń gún. Obìnrin kan já aṣọ mi sílẹ̀, ó ní ọjà mi ń rùn. Mo bú u. Mo gbé èébú náà láti Ajah, mo gbé e gba Ṣàngótẹ̀dó, mo fi pígínì wẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, mo já a sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Èkó burúkú ni ẹ́!" Inú mi dùn débi pé mo fi fìlà ọmọdé kan sí ọjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò mọ ohun tó fi ṣe mí lóore títí dòní.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí mo bá pe ìyá mi, mo máa ń padà di ọmọ Kétu. Ìyá mi máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni pé ohùn òun ló máa fẹsẹ̀ rìn dé Èkó. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?" Èsì kan náà ni mo máa ń fọ̀: "Oṣù tó ń bọ̀, Màámi." Ọdún mẹ́fà ni oṣù tó ń bọ̀ náà gbà. Inú rẹ̀ ni mo ti fẹ́ Kàmọ́rù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ àti sára ògiri nílé àwọn olówó, inú rẹ̀ náà ni a ti bí Sófíyà. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún ìyá mi pé mo ti bímọ, ìbéèrè yí padà. Ó di, "Ìgbà wo ni ọmọ mi ń bọ̀?" Ó yọ mí kúrò nínú rẹ̀ bí ẹni yọ eegun lára ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní agbo ilé tiwa, àkọ́bí kì í ṣe ti ẹni tó bí i. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ni ín. Bí ọmọ bá ti ń di nǹkan mú dìde, ìyá àgbà á wá pọ̀n ọ́n lọ, òun ni yóò já a lẹ́nu ọmú, òun ni yóò tọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe mú èmi náà nìyẹn. Ìyá àgbà mi ni mo mọ̀ ní ìyá. Obìnrin kan wà tó máa ń yà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ ọjà, tó máa ń mú gúgúrú wá fún mi, tó máa ń jókòó wò mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Àǹtí ni mò ń pè é. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ẹnì kan tó là á yé mi pé òun ló bí mi. Mo ní, "Èyí tó ń mú gúgúrú wá yẹn?" Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí èmi náà ti bímọ ni mo ti ń rántí ẹ̀rín yẹn, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí Sófíyà pé oṣù mọ́kànlá, ìyá mi dé sí Ajah. Bàágì méjì ló gbé wá. Ọ̀kan kún fún gàrí, ẹ̀pà àti èlùbọ́, èkejì ṣófo. Kò sọ ohun tó fẹ́ kó sínú rẹ̀, èmi náà ò béèrè. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa lò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun máa padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ ẹran, a sọ̀rọ̀ àwọn tó kú àti àwọn tó yẹ kí ó ti kú. Ti bàágì yẹn, a ò sọ ọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé rárá ní èdè mẹ́ta. Fún ìyá mi, mi ò ní ẹyọ kan.

"Bàbá Sófíyà," mo ní fún ọkọ mi, "kí la fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí Màmá bá ti sọ."

"Tí wọ́n bá ní kí n bẹ́ sínú ọ̀sà ńkọ́?"

"Màmá ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Ọkọ mi yìí, bó bá lẹ táìsì sí ògiri, á gún régé. Ẹ̀yìn tirẹ̀ ni kì í gún níwájú àna. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn, ó ti ibi iṣẹ́ dé láti ọ̀nà Ìbejú, ojú rẹ̀ funfun fún sìmẹ́ńtì, ó ní òun ti ní ọgbọ́n kan. Ká mú Màmá jáde lọ́la. Ká fi Lẹ́kkí hàn wọ́n. Bí wọ́n bá rí i bí ibẹ̀ ṣe dára tó, ara wọn á balẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ wọn kò lè jìyà níbí.

"Àwa kọ́ là ń gbé Lẹ́kkí," mo ní. Yàrá kan là ń gbé ní Ajah, tí àkèré ti máa ń wọlé kí wa bí òjò bá rọ̀.

"Ṣé wọ́n mọ̀?"

Bó ṣe di pé mo wọ aṣọ fún ọmọ mi lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú bí ọmọ tí ń gbé Lẹ́kkí nìyẹn. Fẹ́ẹ̀sì tí mo ti pa mọ́ láti inú bélì mẹ́rin ni: gáùn funfun onílésì, ìbọ̀sẹ̀ olódòdó, bàtà pupa tó ń ké fíìn bí a bá tẹ̀ ẹ́. Èmi fúnra mi wò ó, mo bẹ̀rù rẹ̀. Ìyá mi gbé e pọ̀n, ó fi ọ̀já dì í. Ó ní, "Ọmọ mi ti di ìyàwó Gómìnà." Aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá ló wà lára tirẹ̀, pẹ̀lú ilà ojú rẹ̀ tó jinlẹ̀. Èmi ò ro nǹkan kan sí i. Àṣìṣe mi nìyẹn.

A wọ ọkọ̀ kọ́ròpe dé Ìkátẹ. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ júwe ìlú fún àna rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ nìkan ló mọ̀ nílùú náà.

"Màmá, ẹ rí ilé aláwọ̀ eérú yẹn? Èmi ni mo lẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ márùn-ún ló ní. Mẹ́ta nínú rẹ̀, tèmi ni."

"Márùn-ún?" ni ìyá mi wí. "Èèyàn mélòó ló ń gbébẹ̀?"

"Tọkọtaya kan, Màmá."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

Ó mú wa dé ẹnu ẹ̀sítéètì kan, ó ní àwọn oníṣọ́ mọ òun. Géètì náà ga ju ilé wa lọ. Oníṣọ́ tó jáde wò wá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

"Ta lẹ wá rí?"

"Ọ̀gá mi, èmi ni mo lẹ táìsì Bílọ́ọ̀kù C. Mo fẹ́ fi han àna mi ni."

"Ẹ fẹ́ wo táìsì?"

"Ìṣẹ́jú méjì péré."

"Ọ̀gá, ẹni tó ni ilé wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà báyìí. Ṣé kí n ní kó dìde fún yín?"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ìyá mi kò rín. Ó dúró, ó ń wo géètì bí ẹni wo ẹni tó jẹ ẹ́ níyà.

"Ọkọ ọmọ mi," ni ó wí, "ṣé ilé tí o bá wọn ṣe náà ni wọn ò jẹ́ kí o wọ̀?" Ó ju ọmọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò. "Ọmọ mi, o rí i? Ibi tí wọ́n ní kí n fi ẹ́ sí nìyí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ó ti rí i pé ọ̀ràn ń bàjẹ́, Kàmọ́rù ní ká lọ sí mọ́ọ̀lù ńlá kan, torí ibẹ̀ kò sẹ́ni tí wọn kì í jẹ́ kó wọlé. A wọlé. Òtútù bò wá. Ìyá mi fa ìborùn bo ọmọ lórí, ó ń wá ẹni tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀: "Màmá, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́, kò sí àfo kankan." Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí omi tí ń yẹra fún òkúta. Ojú tì mí, ó sì tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin náà ṣe rí nìyẹn.

Àtẹ̀gùn oníná ni ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ó ṣe ń yọ jáde nínú ilẹ̀, tí ó tún ń wọ inú ara rẹ̀ lọ lókè.

"Mi ò gun ohun tó ń gbé ara rẹ̀ mì."

"Màmá, kì í ṣèèyàn ní nǹkan kan."

"Ẹ máa lọ. Èmi àti ọmọ mi á dúró níbí."

Mo fẹ́ gba ọmọ. Kàmọ́rù ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún la máa lò, ká ra áísíkirímù bọ̀ fún Màmá." Mo gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó ṣe ń gbé mi lọ, mo yíjú padà, mo rí orí méjì, ti àgbà àti ti ọmọ, tí wọ́n ń kéré.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé àtẹ̀gùn tó ń gbé èèyàn gòkè kọ́ ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó sọ̀ wá kalẹ̀ já wa sí ìhà mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n. A rìn yí ká. Nígbà tí a tó dé ibi tí a ti fi ìyá mi sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò rò pé ó sọnù. Mi ò rò pé ẹnì kan ṣe é ní nǹkan. Ohun tí mo rò ni pé ìyá mi ti lọ. Mo rò pé ó ti dúró kí a gòkè, ó ti jáde, ó ti wọ ọkọ̀, ó sì ti dojú kọ bọ́dà, ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo sáré lórí ilẹ̀ tí kò láfo yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu gbálẹ̀, mo ń pariwo "Màámi!" bí ọmọdé tó sọnù lọ́jà.

Igbe Sófíyà ló dá mi lóhùn. Mo mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan tí sìkìọ́rítì dúró sí.

Yàrá kékeré ni. Ìyá mi jókòó lórí àga, ó nà gbọọrọ bí ẹni tó jókòó sílé ara rẹ̀, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá sìkìọ́rítì kan wà níbẹ̀, oníkùn, àti sìkìọ́rítì obìnrin kan, àti obìnrin kan tó wọ awò òòrùn sójú nínú ilé.

"Mo ṣáà ní kí n béèrè ni," obìnrin aláwò náà ń wí. "Ọmọ yẹn mọ́ jù fún wọn."

Ọ̀gá rí mi. "Ìwọ ta nìyẹn?"

Kí n sọ òótọ́, ahọ́n mi tó já èébú sí Ẹ̀pẹ́ kú mọ́ mi lẹ́nu. Nílé wa, o ò gbọdọ̀ dúró níwájú ìyá rẹ kí o pe àkọ́bí ní tìrẹ. Ó dà bí kí èèyàn jókòó sórí àga baba rẹ̀.

"Ìyá mi nìyí," mo ní.

"Mi ò bi ẹ́ ní ti ìyá ẹ. Ọmọ ni mò ń béèrè. A bi Màmá pé ta ló bí ọmọ yìí, wọ́n ní àwọn ni. Ẹ wò wọ́n! A ní níbo ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní Kétu. Mo ní Kétu ti Èkó níbí, lẹ́bàá Máìlì Tuẹ́lù? Wọ́n ní rárá, Kétu tó ní ọba. A ní kí ni wọ́n wá ṣe níbí." Ó lu tábìlì. "Wọ́n ní àwọn wá mú ọmọ lọ ni! Wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́!"

"Màmá, ẹ sọ fún un pé irọ́ ni," Kàmọ́rù bẹ̀bẹ̀. Áísíkirímù ń kán sórí bàtà rẹ̀.

"Irọ́ kọ́," ni ìyá mi wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ṣé ẹni tó bí ìyá kọ́ ló bí ọmọ ni? Òyìnbó wo ló kọ́ yín ní Yorùbá?"

Bí mo ṣe wà nínú ìpayà tó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Àgànyìn fún ọdún mẹ́fà rí ìyá rẹ̀ tó ń tún èdè ọmọ Èkó ṣe ní Lẹ́kkí.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló burú jù.

"Màdáàmù, ẹyọ ìbéèrè kan ni. Ìyá ẹ ní àwọn fẹ́ mú ọmọ lọ. Ṣé o gbà?"

Bí mo bá ní mo gbà, wọn á tú ìyá mi sílẹ̀, ọmọ mi á sì lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí mo ti sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Bí mo bá ní mi ò gbà, mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ ìyá tó bí mi di gbọ́mọgbọ́mọ. Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ni ọkọ mi ń wò. Ó dájú pé ó ń ka táìsì.

Sófíyà tún ké. Ọmú mi ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Mo mọ̀ ọ́n bí ó ṣe gbóná wá, tí ó sì tutù lára bùláòsì mi, àmì méjì ràgàjì níwájú gbogbo wọn.

"Ọ̀gá, ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀," ni sìkìọ́rítì obìnrin náà wí. "Ṣé ẹ ò rí àyà rẹ̀ ni?"

"Mo rí i." Àjà ló ń wò. "Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Ṣé o gbà?"

"Rárá," mo ní.

Ohùn mi kéré débi pé mo ní láti tún un sọ. "Rárá. Ìyá mi ni wọ́n, wọn ò jí ẹnikẹ́ni gbé, kí ẹnì kan má fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Èmi ni mo bí ọmọ yìí. Èmi ni n ó já a lẹ́nu ọmú."

Ìyá mi kò wò mí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ọ̀já, ó tẹ̀ síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi kí n lè gbé ọmọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná níbi tí ọmọ wà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo fún un lọ́mú. Obìnrin aláwò ní, "Ẹ má bínú o, ayé ti bàjẹ́ ni, a kàn ń ṣọ́ra." Ọjọ́ mìíràn ni ǹ bá dá a lóhùn tó fi máa ṣí awò náà sunkún. Ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ti parí iṣẹ́.

Ọ̀gá ní ká máa lọ. Ó yẹ ká lọ sílé. Kàmọ́rù ní rárá, Màmá ò tíì rí òkun. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á láti wọ yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú àwa méjèèjì. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé wa dé etíkun, bàtà ọmọ nìkan ló ń ké fíìn. A tẹ́ aṣọ sórí yanrìn. Àwọn kan ń fi ẹṣin gbé ọmọ olówó kiri. Kàmọ́rù ní òun fẹ́ lọ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin, ó sì sá lọ síbẹ̀. Kò ní ohun kan láti béèrè.

Ìyá mi ń wo omi.

"Oníkùn yẹn," ni ó wí nígbà tó yá. "Ó bi ẹ́ ní, 'Ṣé o gbà?'"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí—"

"Dákẹ́, mò ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá mi wá mú ẹ, ọjọ́ ọjà ni. Mò ń ro ọkà lọ́wọ́. Wọ́n gbé ẹ pọ̀n, wọ́n ní kí n má sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí o má baà sunkún. O ò tilẹ̀ sunkún, ọ̀dàlẹ̀. Èmi fi ìró di àyà fún ọjọ́ mẹ́jọ kí ọmú tó gbẹ. Gbogbo ilé ló wà níbẹ̀. Bàbá ẹ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ìgbì kan wá, ó padà.

"Ká ní wọ́n bi yín ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti ra ẹní kékeré fún un. Mo ti ra abọ́ tó ní ìdérí."

"Mo mọ̀, Màámi."

"O ò mọ nǹkan kan. Ó ti kàn mí, ṣé o gbọ́? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ lọ ni mo ti ń ka ọjọ́, pé ọjọ́ kan á pé, á kàn mí. O wá gba ìgbà mi lọ́wọ́ mi níwájú oníkùn."

Mo ti rò pé bí èèyàn bá kúrò nílé, ibi tí wọ́n ti ń pè é ní àlejò ló máa ń dùn ún. Irọ́ ni. Èyí tó máa ń dunni ni kí o dúró níbi tí wọ́n ti mọ ìdílé rẹ, kí o sọ ọ̀rọ̀ kan, kí o sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ Èkó ni mo sọ sí ìyá mi. Ó gbọ́ ọ, ó sì yé e ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Sófíyà ti bu yanrìn, ó ti kó o sẹ́nu. Àwa méjèèjì nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ìyá mi ló kọ́kọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Mo rí i bí ó ṣe dúró díẹ̀, tí ó sì fà á padà.

"Yọ yanrìn lẹ́nu ọmọ ẹ," ni ó wí.

Ọmọ ẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo ti ń wá látàárọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo wọ gáùn onílésì fún ọmọ nítorí rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó ẹrù mi síta. Mo yọ yanrìn náà. Ó pọ̀, ó gbà mí ní àkókò, inú mi sì dùn pé ó gbà mí ní àkókò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ. Ó ká bàágì òfìfo náà sínú èkejì, ó ṣàdúrà fún wa, ó ní kí Kàmọ́rù tún ojú òrùlé ṣe. Kò gbé ọmọ náà mọ́ra títí ọkọ̀ fi gbéra. Ó kàn fi ìka kan kàn án ní ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, mo pè é, kò gbé e. Ẹtì kejì, ó dún títí ó fi kú. Lọ́jà, mo ń ta ọjà láì bú ẹnikẹ́ni. Oníbàtà bi mí bóyá ara mi ò yá. Ẹtì kẹta, mo fi etí ti fóònù, mo ti mura láti gbọ́ bó ṣe máa dún títí, ni mo gbọ́ igbe rẹ̀:

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ọmọ ẹ ńkọ́?"

"Ọmọ yín ti ń rìn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló gbé lánàá kó tó ṣubú."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ yín ni mo wí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bó bá jẹ́ tèmi lóòótọ́, mú un wá kí n rí i."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, mo sì mọ̀ pé kò sí oníkùn kankan láàárín wa lọ́tẹ̀ yìí tó máa bá mi béèrè.

"Màámi, bí mo bá mú un wá, èmi àti òun la jọ máa wá, èmi àti òun náà la jọ máa padà."

Mo gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan nínú odó. Mo wo ojú fóònù bóyá ó ti já.

"Ṣé mo ní kí ẹnì kan ṣoṣo wá ni?" ni ìyá mi wí.